Ọjọ́ Tí Màmá Di Bàtà Kẹ́lì Mú

Títí di òní tí mo ń kọ ọ́ yìí, ara mi ò tíì gbà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, fi wá sílẹ̀, wọ́n ṣì ń bá Dádì jà lórí táyà. Yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ ní Brooklin, ní Canada níbi tí à ń gbé, Dádì ò sì tíì fi táyà ìgbà òtútù sí ọkọ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú jákẹ́ẹ̀tì Dádì tó gùn kọjá orúnkún wọn, wọ́n ní, "Adéwálé, o ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ṣé Ọlọ́run ló máa wá bá ọ pààrọ̀ táyà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kíláàsì mi ní Oshawa. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Mọ́mì fi pè mí láti ọsibítù.

Wọn ò ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kí á múra. Wọ́n jókòó sórí àga ní ilé ìdáná, wọ́n ń rán nọ́ńbà tó ń ṣí lẹ́yìn jẹ́sì bọ́ọ̀lù mi, wọn ò sì dìde mọ́. Nígbà tí mo délé, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aṣọ, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó bí ẹni pé wọ́n kàn lọ bu omi ni.

Ọjọ́ ìbí wọn àti ìjọ tí wọ́n ti sìn wà nínú ìwé ìsìnkú. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú ìwé yẹn. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n tán.

Olùkọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni Màmá ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ti ìjọ n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún méje ni mo wà nígbà tí wọ́n wá bá wa ní Canada. Aṣọ tí wọ́n kó wá kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí wọn méjèèjì wà nínú àpótí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí tí mo ti kọ́ Yorùbá kíkà, Bíbélì sì ni ìwé àkọ́kọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo lè kọ lónìí, àwọn ló kọ́ mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹnìkan nínú wa ya jẹ́sì rẹ̀, mo mú un wálé fún Màmá. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń fi tiwọn rán mi. Kóòṣì wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, ní èyí tí Màmá tún rán lágbára ju tuntun lọ. Màmá kì í sì í kàn án rán lásán. Wọ́n á gbé e sókè sí iná, wọ́n á dá ẹni tó ni ín lẹ́jọ́. "Èyí tó ya níwájú yìí, òun ló kọ́kọ́ fa ẹlòmíì. Èyí tó ya lẹ́yìn, ó ti gba iwájú lọ, wọ́n ń fà á kó má lọ. Tìrẹ dà, Àníkẹ́?"

Tèmi ò ya. Orí béńṣì ni mo máa ń wà.

"Aṣọ tí kò ya," ni Màmá wí, "ẹni tó ni ín ò tíì jáde nílé."

Ẹ má rò pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù. Bàbá àgbà mi ní rédíò kan nígbà ayé wọn, gbogbo Sátidé ni àwọn méjèèjì jọ máa ń jókòó tì í. Etí ni Màmá fi mọ bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó fojú rí i. Kò sí ìdíje wa tí wọn kì í wá, pẹ̀lú àga kíká wọn àti fíláàsì ògì gbígbóná. Wọn ò bá orúkọ òyìnbó jà. Aṣọ́lé wa tó ga ni wọ́n ń pè ní Òpó Ilé. Kẹ́lì, tó ń gbá iwájú, ni wọ́n ń pè ní Elépo, nítorí irun rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun. Tí Màmá bá ké "Elépo!" láti orí àga wọn, Kẹ́lì á na ọwọ́ sókè láì wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé òun ni. Ipò tí Kẹ́lì wà yẹn ni èmi náà ń gbá, òun sì dáa jù mí lọ. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Nígbà yẹn, mi ò lè sọ ọ́.

Èmi ni ògbufọ̀ Màmá. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ògbufọ̀ burúkú ni mí. A lọ gbá bọ́ọ̀lù kan nítòsí Port Credit, létí adágún, níbi tí atẹ́gùn ti ń dá kọ́nà padà fún ẹni tó gbá a. Ọmọbìnrin kan ní ẹgbẹ́ kejì fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, rẹfirí ò rí i. Kí n tó mọ̀, Màmá ti kọjá ìlà funfun, àga wọn lọ́wọ́. Rẹfirí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sáré wá.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn ìlà."

Màmá padà. Wọ́n wá kọjú sí mi lórí béńṣì, wọ́n fi orúkọ pè mí dípò oríkì. "Fèyí, bá mi sọ fún un. Mo ti padà síbi tèmi. Òun ńkọ́, ìgbà wo ló máa padà síbi tí bọ́ọ̀lù wà? Tí ojú bá ń dùn ún, kó sọ. Ojú pọ̀ lára wa níbí, a ó yá a."

Mo yíjú sí rẹfirí. "Ó ní ẹ má bínú, sà."

Rẹfirí rẹ́rìn-ín, ó lọ. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi gùn jù yẹn lọ."

Àdúrà àárọ̀ ilé wa kì í yẹ̀. Kí Mọ́mì tó lọ ṣíìfù, kí Dádì tó lọ wọ tréènì, a ó péjọ ní pálọ̀, Màmá á sì dárí rẹ̀. Wọ́n máa ń pe orúkọ gbogbo wa, wọn ò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ rí. Nígbà tí sáà bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kóòṣì ò sì fi mí wọlé fún ìṣẹ́jú kan. Mo sunkún níbi àdúrà. Mo ní ọdún yìí ló kẹ́yìn mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tí mi ò bá gbá a báyìí, mi ò ní gbá a mọ́.

Màmá dìde dúró. Ohùn wọn yí sí èyí tí wọ́n fi ń jagun ní ìpàdé àdúrà. "Ẹsẹ̀ yòówù tó bá dúró sí ipò Àníkẹ́, Olúwa, yẹ̀ ẹ́ kúrò! Mo ní, yẹ̀ ẹ́!"

Ẹni tó bá ti jókòó ní irú ìjọ tiwa mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn lẹ́nu. Ẹni tí à ń bá wí kì í lójú, kì í lórúkọ, ọ̀tá lásán ni. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹsẹ̀ tí à ń sọ. Mo mọ bàtà tó ń wọ̀. Mo sì ṣe Àmín tó ju ti gbogbo ilé lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ti rọ̀ sórí pápá. Kẹ́lì gba bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ yí kọjú sí ilé ẹgbẹ́ kejì. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ ìró kan láti orí béńṣì tí mo wà, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ líle ya, lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló já nínú. Mo wẹ̀yìn wo Màmá. Wọ́n ti dìde, ọwọ́ wọn wà lẹ́nu wọn, fíláàsì ti ṣubú, ògì ń ṣàn sórí koríko. Wọn ò wo Kẹ́lì. Èmi ni wọ́n ń wò.

Kóòṣì ní, "Fèyí, múra, wọlé." Mo wọlé. Mo jẹ góòlù. Àwọn ẹgbẹ́ mi gùn mí lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo orúkọ mi, mi ò sì lè gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Ọkọ̀ gbé wa padà dé Brooklin. Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Fèyí, ọmọ yẹn na ọwọ́ sí mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

Ìjọ wa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà ní Toronto. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀. Ìyá Ṣọlá, olórí àwọn aláàdúrà àti ọ̀rẹ́ Màmá tímọ́tímọ́, fò dìde.

"Ẹ ò rí i! Ọlọ́run jà fún yín! Ẹ bọ́ síwájú, Màmá Adéwálé, ẹ wá jó!"

"Kí n jó lórí orúnkún ta ni?" ni Màmá wí.

"Ẹ̀yin náà! Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ gbàdúrà ni?"

"Èmi ni. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ náà ní ìyá, Ìyá Ṣọlá. Bóyá ìyá ọ̀hún náà wà lórí orúnkún báyìí."

Ìyá Ṣọlá ní àṣejù ni, pé èèyàn kì í dá ẹ̀bùn padà fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀, Dádì gbìyànjú láti tù wọ́n nínú. Ó ní, "Màmá, àdúrà yín kọ́ ló já orúnkún ọmọ yẹn. Pápá ló tutù."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo rán An níṣẹ́ ibi, Adéwálé. Bóyá Ó jẹ́ ẹ, bóyá kò jẹ́ ẹ, èmi ni mo rán An."

Láti ìgbà náà, nǹkan kan yí padà nínú àdúrà àárọ̀ wa. Tí a bá ń ka Àdúrà Olúwa, Màmá á bá wa kà á bọ̀, àfi tí a bá dé ibi tí a ti ń tọrọ ìdáríjì. Níbẹ̀ ni wọ́n á dákẹ́. Ètè wọn ò ní mì. Tí a bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Mi ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mi ò tíì lọ bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀."

Ẹgbẹ́ wa sì ń yege. Èmi ni mo ń gbá iwájú báyìí. A borí, a ta ọ̀mì, a tún borí, títí ó fi ku ìdíje kan ṣoṣo. Jẹ́sì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya, lẹ́yìn. Màmá ń rán an láì dá mi lẹ́jọ́.

Kí ohun tó kàn lè yé yín, ó yẹ kí ẹ mọ ojú tí Màmá fi ń wo ìkúnlẹ̀. Wọn ò fi ṣeré rárá. Èmi tí mo dàgbà síbí, bí mo bá rọra tẹ orúnkún kan díẹ̀, wọ́n á ní, "Ìkúnlẹ̀ Canada yín yìí, ṣé nǹkan kan ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ tí ò ń wá?" Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ọmọdé ló sì ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Ìyá kan ní ìjọ wa kúnlẹ̀ bẹ ọmọ rẹ̀ kó má lọ gbé ní ìlú mìíràn. Màmá gbé e dìde pẹ̀lú ìbínú. "Àgbà tó bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ẹrù ló ń dì ru ọmọ náà."

Pápá wa ní Oshawa ni a ti gbá ìdíje tó kẹ́yìn. Bí a bá ta ọ̀mì lásán, a ó bọ́ sí ìpele tó kàn. Kẹ́lì wá wò wá, ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá rẹ̀, irin ní orúnkún rẹ̀. À ń na ara lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá gbé àga wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì tọ̀ ọ́ lọ níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ béńṣì. "Fèyí, wá ṣe ògbufọ̀ mi."

Mo sáré lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, orúnkún Màmá méjèèjì ti kan ilẹ̀ tútù. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà Kẹ́lì mú, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Mo ké, "Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" Dádì ti ń sáré bọ̀ láti ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́rí. Àwa méjèèjì nìkan ni ayé dojú rú fún. Òpó Ilé ń mu omi. Kóòṣì ń ka orúkọ. Kò sí ẹlòmíì ní gbogbo pápá tó mọ̀ pé ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kẹ́lì fúnra rẹ̀ wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Grandma, ṣùgbọ́n okùn bàtà mi ò tú."

Màmá ò dìde. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí bàtà náà. "Elépo, ọmọ ọlọ́mọ. Mo fi ẹnu mi ṣépè fún ẹsẹ̀ rẹ nítorí ọmọ tèmi. Mi ò dárúkọ rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ ni. Ẹnu kan náà tí mo fi ń pè ọ́, tí o fi ń na ọwọ́ sí mi, ni mo fi ṣe é. Má jẹ̀ẹ́ kí n gbé e dé iwájú Ẹlẹ́dàá mi. Dárí jì mí." Wọ́n gbójú sókè sí mi. "Sọ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni mo gbọ́, Fèyí. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀bẹ̀."

Kẹ́lì ń wò mí, ó ń dúró. Ipò rẹ̀ ni mo wà. Àmín mi wà lọ́fun mi. Bí mo bá tú u, wọ́n á rò pé àjẹ́ ni wá, gbogbo ẹgbẹ́ á sì mọ ohun tí mo ṣe Àmín sí. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó ní òun ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ẹ tètè san."

Ojú Kẹ́lì rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Màmá léjìká, ó dúpẹ́.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti dárí jì yín, Màmá."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lo sọ?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n dìde, omi koríko ń kán lára ìró wọn. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́. "Bí o ṣe jẹ́ iṣẹ́ mi láì yọ ọ̀kan kúrò, ayé á jẹ́ iṣẹ́ tìrẹ náà."

Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi lù wá. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ilé ṣí sílẹ̀ níwájú mi, mo gbá a lọ sójú ọ̀run. Báyìí ni sáà wa ṣe parí. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé ìdí tí mo fi ń sunkún nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a dé ibi ìdáríjì nínú Àdúrà Olúwa, ohùn Màmá dún ju ti gbogbo wa lọ. Dádì la ojú, ó wo Mọ́mì. Èmi ni mo dákẹ́. Mi ò tíì lè kà á di òní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi ka àdúrà náà pé, tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ táyà yẹn dé.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, Ìyá Ṣọlá sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dì í mú. Ó ń tún un sọ pé, "Mi ò kí wọn dáadáa. Mi ò kí wọn dáadáa." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá ní ọ̀wọ́. Wọ́n wọ jẹ́sì sórí jákẹ́ẹ̀tì òtútù wọn, ojú rírán Màmá sì hàn lára ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kẹ́lì wà láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, mo bá a níta, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Mo ní, "Kẹ́lì, ọ̀rọ̀ tí Màmá bá ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn gùn ju èyí tí mo sọ fún ẹ lọ."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Koríko ló tutù," ló wí. "Mo yí lódì. Dókítà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé òtútù ni." Ó tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú, ó kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbàdúrà yẹn, kí ni ìwọ sọ?"

"Mo ṣe Àmín."

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo yìnyín tó kó jọ lẹ́bàá ọ̀nà. "Ti ìyá àgbà ẹ ti tán. Mo dárí jì wọ́n. Tìẹ ni mi ò mọ̀, Fèyí. Tìẹ, fún mi láyè."

Mo ní mo gbọ́. Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá rìn lọ bá àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé okùn bàtà rẹ̀ tú ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń wọ́ nínú yìnyín. Mo pè é, mo fi hàn án. Ó wolẹ̀ wò ó. Irin orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ débẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀, bí Màmá ṣe kọ́ mi, kì í ṣe ti ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́. Mo so okùn náà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú mọ́. Kẹ́lì ò gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí ó ṣe ṣe fún Màmá. Ṣùgbọ́n kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.